Ìkòkò Kan, Abọ́ Púpọ̀: Ọ̀rọ̀ Macro Nínú Wiki Ibi Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ la fẹ́ sọ lónìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì kúrò. Ọ̀pọ̀ yín tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó ló ń lo Confluence níbi iṣẹ́, àmọ́ bí ẹ bá ti gbọ́ “macro”, ẹ ó ní àwọn oníkọ̀ǹpútà ló ni ín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ wiki. Ojú ìwé orí kọ̀ǹpútà ni, tí gbogbo ẹgbẹ́ lè jọ kọ, kí wọ́n sì jọ máa tún un ṣe. Ward Cunningham, ará Amẹ́ríkà, ló gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1995. Ara bọ́ọ̀sì pápákọ̀ òfurufú Honolulu, ní Hawaii, tí wọ́n ń pè ní Wiki Wiki ló ti mú orúkọ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀? Kíákíá! Àwa náà kúkú máa ń pe ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀.

Ní pọ́ọ̀tù Dublin, níbi tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì fún ilé iṣẹ́ kan, kíákíá kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ rántí oṣù Kejìlá 2024: ìjì Darragh ba èbúté Holyhead jẹ́, ọkọ̀ ojú omi láti Dublin ò lè gúnlẹ̀ síbẹ̀ mọ́ títí di 16 oṣù Kìíní 2025. Gbogbo ojú ìwé tó ní kí awakọ̀ gba Holyhead di irọ́ lóru ọjọ́ kan.

Tiwa kéré sí ìyẹn, ó sì burú jù ú lọ. Wọ́n ti kó yàrá ìtọ́jú wa lọ sí ẹnu ọ̀nà mìíràn. Eircode tuntun wà ní ojú ìwé wa, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka yòókù ti da ti àtijọ́ kọ sí tiwọn, bíi ibi mẹ́sàn-án. Lóru ọjọ́ kan, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun awakọ̀ tírélà kan. Ẹni tó pe 112 ka Eircode tó rí. Ti àtijọ́ ni. Áńbúláǹsì lọ dúró sẹ́nu géètì tí wọ́n ti tì pa. Wọ́n padà rí wa, ọkùnrin náà sì yè, a dúpẹ́. Àmọ́ mo mọ ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń ṣe fún ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ wò ó, màmá yín kì í se ọbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún gbogbo ará ilé. Ìkòkò kan ni wọ́n ń sè, kálukú á gbé abọ́ wá. Macro tí mò ń sọ nìyẹn: àṣẹ kékeré tí ẹ fi sínú ojú ìwé, tí yóò máa lọ bu ohun tó wà níbòmíràn wá nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ṣí i.

Nínú Confluence ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹ bá ń kọ ojú ìwé lọ́wọ́, ẹ tẹ “/”, àkójọ àwọn macro á yọ. Lórí ojú ìwé tó jẹ́ orísun, ẹ mú Excerpt, ẹ kọ nọ́ńbà àti Eircode sínú àpótí tó gbé wá, kí ẹ tẹ Publish. Lórí àwọn yòókù, ẹ mú Insert excerpt, tó ń jẹ́ Excerpt Include tẹ́lẹ̀, kí ẹ yan orísun yẹn. Bí Eircode bá yí padà lọ́la, ibì kan péré lẹ máa tún ṣe. Bó bá jẹ́ odindi ojú ìwé lẹ fẹ́ bù, Include page ni.

Èmi àti Expand ò rẹ́ o. Ó máa ń ká ọ̀rọ̀ pamọ́ títí ẹni tó ń kà á fi máa tẹ̀ ẹ́. Ó dáa fún àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ṣubú lulẹ̀ níwájú yín, ta ló fẹ́ máa ṣí àpótí? Ẹ lo panel pupa, kí ẹ gbé e sókè pátápátá.

Ẹni tí kò láṣẹ láti rí ojú ìwé orísun kò ní rí ohun tí ẹ bù níbẹ̀. Nítorí náà ẹ ṣí i fún gbogbo òṣìṣẹ́, pàápàá àwọn oníṣẹ́ alẹ́. Èyí tí wọ́n bá sì ti tẹ̀ sórí bébà, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, macro ò lè tún un ṣe. Tiwa ní déètì lẹ́sẹ̀, mo sì máa ń yí ká wò wọ́n ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, bírò lọ́wọ́.