Ọmọ tó tètè bàlágà, ọmọdé ni síbẹ̀
(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti ẹnu ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì)

 

Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ìkómọjáde ni a sábà máa ń pe ara wa sí. Àwọn ọmọ ìgbà náà ti ń pé ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá báyìí. Àwọn obìnrin inú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ilé mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Àkọ́bí mi kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí kò bọ́ súwẹ́tà sílẹ̀ mọ́, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Mo ní oge ló ń ṣe, mo bá a wí. Mi ò mọ̀ pé àyà rẹ̀ ló ń bò. Nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kó pé mẹ́wàá, nǹkan oṣù rẹ̀ dé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi aṣọ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Mọ́mì, mi ò fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ kú.” Èmi tí mò ń la àwọn ìyá lọ́yẹ̀ ní ọsibítù! Ojú tì mí.

Ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí ilé ẹyin obìnrin pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 8 sí 13. Ọmú ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ. Nǹkan oṣù a tẹ̀lé e ní bí ọdún 2 lẹ́yìn náà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 8, ẹ gbé e lọ rí dókítà. Lára ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin, a kì í rí àrùn kankan nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló ń fi èyí hàn. Abẹ́rẹ́ sì wà tó lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, bí dókítà bá rí i pé ó yẹ. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìṣekúṣe.

Àwọn olùwádìí ti rí i pé ọmọbìnrin tó bàlágà ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ní ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbalẹ̀ ọkàn jù wọ́n lọ. Ẹnu wa wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àǹtí ń pè é ní “ìyá ńlá”, àgbà ọkùnrin ń wò ó ní ìwòkuwò. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ara rẹ̀ ló sáré, ọgbọ́n orí rẹ̀ kò tíì kúrò ní ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ̀yin ìyá, ọjọ́ tí ẹ bá ti rí ọmú ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Ẹ fi páàdì hàn án, ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń lò ó. “Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́, wàá lóyún” kì í ṣe ẹ̀kọ́, ìdẹ́rùbà ni.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má sá fún un. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò bá ṣeré mọ́ yóò rò pé òun ti ṣẹ̀.

Gbogbo wa, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ẹni tó bá bá a lò pọ̀ fipá bá a lò pọ̀ ni, “mo rò pé ó ti dàgbà” kò sì lè gbà á sílẹ̀.

Ọmọ mi ti di ọmọge báyìí. Nígbà tó kan àbúrò rẹ̀, òun ló pè é jókòó, tó ṣàlàyé fún un kí èmi tó dé láti ibi iṣẹ́. Àbúrò kò fi aṣọ kankan pamọ́.

Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa.