Iṣẹ́ Ọwọ́ Ẹni, Lọ́wọ́ Ẹni Ló Ti Yẹ Kó Wà

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀dọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́. Mo mọ̀ pé tí a bá ti dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́, ọkàn wa máa ń lọ sọ́dọ̀ télọ̀, kápẹ́ńtà àti wẹ́dà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin kan fún yín, ọmọ ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà. Alex Smith lorúkọ rẹ̀. Omar-S ni àwọn tó ń jó sí orin rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí.

Ìlú mọ́tò ni Detroit. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú bíi Juan Atkins ti dá orin techno sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, orin ijó tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń lu ìlù rẹ̀. Nígbà tó yá, iṣẹ́ mọ́tò dínkù, gbèsè sì wọ ìlú náà lọ́rùn, débi pé ní 2013 ìjọba ìlú lọ sọ ní kóòtù pé agbára àwọn ò ká a mọ́.

Inú ìlú yẹn ni Omar-S ti ṣe tirẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Ford, ó sì ń ṣe orin mọ́ ọn. Kò dúró de sítúdíò olówó ńlá. Ìró orin rẹ̀ le, ó rí págunpàgun díẹ̀, kò dán bí èyí tí ẹ ń gbọ́ lórí rédíò. Ohun tí àwọn èèyàn sì fẹ́ràn nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Àbí àwọn àgbà wa ò ní, bí a bá gúnyán nínú odó, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé: ó dá ilé-iṣẹ́ àwo orin tirẹ̀ sílẹ̀, FXHE. Òun ló ń ṣe orin, òun náà ló ń gbé e jáde. Ní 2005, “Just Ask the Lonely” jáde níbẹ̀. Ní 2009, Fabric, ilé ijó tó lókìkí ní London, ní kó wá ṣe àwo kan fún àwọn. Orin ẹlòmíràn ni àwọn DJ sábà máa ń kó jọ sórí irú àwo bẹ́ẹ̀. Orin tirẹ̀ nìkan ni Omar-S kó síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ara rẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi iṣẹ́ tó ń bọ́ yín sílẹ̀ nítorí orin kan ṣoṣo tó gbòde. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìwé àdéhùn wá, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kà á kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Orin tí ẹ bá ti tà tán kì í ṣe tiyín mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lè máa ṣiṣẹ́ ni o. Ẹ bi í kí ẹ tó bú u.

Ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́, lọ́dọọdún ni à ń ra ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Mo bẹ̀ yín, lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ fi ọmọ méjì tó ń kọ́ iṣẹ́ orin kún un. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Ìlú wa á tẹ̀ síwájú o.