Ọ̀dà Kò Wo Ìpáàrà Sàn



Nígbà kan, mo fọ́n ọ̀dà inú agolo sára férémù kẹ̀kẹ́ mi tó ti dógùn-ún. Kò pẹ́ tí ọ̀dà náà fi bó. Owó ṣòfò.

Ẹ kọ́kọ́ tú táyà àti ṣéènì, ẹ fi ọṣẹ fọ gírísì, ẹ fi sáńpépà ha ìpáàrà kúrò. Bí irin bá sán, ẹ má kùn ún. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń jó irin.

Ìta gbangba tó jìnnà síná ni kí ẹ ti fọ́n ọn, kí ẹ sì bo imú. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ló ṣáájú, kí àwọ̀ tó wù yín tẹ̀lé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó máa gbẹ kí ẹ tó tún un fọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé owó ẹgbẹ́ rí: ẹni tó kun orí àṣìṣe kò tún un ṣe.