Ẹ Má Tíì Gé Igi Yẹn

Ẹ̀yin ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, nílé, lóko, lẹ́yìn odi,

Lọ́jọ́ tá a ṣe ìmọ́tótó, ẹnì kan ní ká gé igi máńgòrò àgbà kan, pé ẹ̀tẹ̀ ti mú un, torí nǹkan funfun pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná.

Lichen ni wọ́n ń pè é. Àrùn kọ́. Kì í mu oje igi, ó kàn jókòó sára èèpo ni. Ẹ sún mọ́ ọn: etí rẹ̀ wẹ́wẹ́ bíi léèsì. Méjì ló pọ̀ di ọ̀kan: mọ̀lẹ́bí olú kọ́lé, ó ń tọ́jú omi, ewéko tíńtín, irú èyí tó ń sọ omi ìkòkò di àwọ̀ ewé, ń fi oòrùn se oúnjẹ. Àwa tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìjàkadì, ẹ wò ó, àwọn yìí ò jà o.

Afẹ́fẹ́ àti òjò ló ń bọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí èéfín fi ń tètè pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 1866, William Nylander rí i pé ó pọ̀ nínú ọgbà Luxembourg ní Paris, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n níbòmíràn nígboro.

Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í fi ju mìlímítà díẹ̀ dàgbà lọ́dún. Èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ lè ju èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí lọ lọ́jọ́ orí.

Ẹ ya fọ́tò tàdúgbò yín, ẹ fi sí gúrúùpù. Igi tó bá kú, ká gé e. Èyí tó kàn wọ léèsì, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.