Béèsì kò dún? Ẹ yẹ wáyà sípíkà wò kí ẹ tó yí amplifier sókè



Sípíkà méjì wà nílẹ̀, ohùn olórin ń dún ketekete, ṣùgbọ́n béèsì kò sí. Kí ni ọ̀pọ̀ máa ń ṣe? Wọ́n á yí amplifier sókè. Ibẹ̀ gan-an ni òfò ti ń wọlé. Kọ́ìlì sípíkà tó bá gbóná jù yóò jó, owó àtúnṣe sì lè gbé owó òde náà mì.

Kí ló ń fà á? Sípíkà kọ̀ọ̀kan ní ojú + àti ojú −. Bí wáyà ọ̀kan bá yí, nígbà tí sípíkà kan ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ìkejì á máa fà á sẹ́yìn. Ó dà bí èèyàn méjì tó ń ti mọ́tò tó kú, tí ọ̀kan wà níwájú, tí ìkejì wà lẹ́yìn. Béèsì ni èyí ń pa jù, torí pé ìgbì rẹ̀ gùn: ti 50 hertz fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 7.

Báwo lẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ pa amplifier, kí ẹ tú wáyà sípíkà kúrò lára rẹ̀. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, 1.5 volt. Ẹ fi orí + rẹ̀ kan ojú +, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ kan ojú −, fìrí báyìí. Bí bébà sípíkà bá ta síta, ó dáa. Bó bá wọnú, wáyà ti yí. Ẹ má fi bátìrì kan tweeter o, ó lè bà á jẹ́.

Bí ẹ kò bá rí bébà rẹ̀, ẹ gbé sípíkà méjèèjì súnmọ́ra, kí ẹ fi orin tó ní béèsì sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ pa amplifier, ẹ yí wáyà ọ̀kan padà, kí ẹ tún gbọ́ ọ. Ọ̀nà tí béèsì ti pọ̀ jù ló tọ̀nà.

Ẹ má gbára lé àwọ̀ pupa nìkan. Àwọn sípíkà JBL àtijọ́ kan wà tí bébà wọn ń wọnú bí + bá kan ojú pupa. Ẹ má sì yí wáyà tweeter inú àpótí tó ti ilé iṣẹ́ wá. Nígbà mìíràn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yí i ni, kó lè bá crossover inú rẹ̀ mu.

Kano ni o, Cotonou ni o, ẹ jẹ́ kí bátìrì kan wà nínú àpò irinṣẹ́ yín, kí ẹ sì yẹ gbogbo sípíkà wò kí àlejò tó jókòó.