Ìlú Tó Ń Jẹun Lọ́wọ́ Yunifásítì: Ẹ Wo Kálẹ́ńdà Kẹ́ Ẹ Tó Náwó

  

Tí wọ́n bá ti dárúkọ Amẹ́ríkà, New York, Houston àti Atlanta ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń lọ kàwé. Àwọn kan ń bọ́ sí ìlú kéékèèké láàárín gbùngbùn ilẹ̀ náà: Iowa, Illinois, Indiana, Ohio. Oko àgbàdo lọ́tùn-ún, oko ẹ̀wà sóyà lósì, yunifásítì láàárín. Ṣé èèyàn lè gbé níbẹ̀, kó sì ṣòwò? Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ọjà náà. Kálẹ́ńdà yunifásítì ló ni ín.

Ẹ jẹ́ ká fi Iowa City ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, èèyàn ibẹ̀ tó bíi 75,000. Akẹ́kọ̀ọ́ University of Iowa tó bíi 30,000. Pápá bọ́ọ̀lù yunifásítì náà, Kinnick Stadium, ń gba èèyàn bíi 69,000. Ẹ ò rí i pé gbogbo ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú pápá kan tán! Tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ilé oúnjẹ á kún, hòtẹ́ẹ̀lì á kún. Àmọ́ irú Sátidé bẹ́ẹ̀ ò ju bíi méje lọ lọ́dún.

Bí ọdún ṣe ń lọ níbẹ̀ nìyí. Ní ìparí oṣù keje, rẹ́ǹtì ọ̀pọ̀ ilé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń parí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń kó lọ á kó àga àti bẹ́ẹ̀dì síta. Àwọn tó ń kó bọ̀ á máa wá ohun tí wọ́n máa rà. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ríṣẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ yẹn. Láti oṣù kẹjọ, ọjà ń yá. Nígbà Kérésìmesì, akẹ́kọ̀ọ́ á lọ sílé, yìnyín á bo ojú títì. Tó bá di oṣù karùn-ún, ọ̀pọ̀ wọn á tún lọ, ìlú á sì dákẹ́.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Ká ní rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù yín jẹ́ 1,000 dọ́là lóṣù. 12,000 lọ́dún nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́sàn-án péré ni oníbàárà yín fi wà nílùú, ẹ ní láti máa ya bíi 1,333 dọ́là sọ́tọ̀ lóṣù fún rẹ́ǹtì nìkan, kẹ́ ẹ tó ra epo, kẹ́ ẹ tó jẹun. Onílé ò ní gba "wọ́n ti gba ọlidé" lọ́wọ́ yín.

Nítorí náà, ẹ wá àwọn tí kì í lọ. Ní Iowa City, ilé ìwòsàn yunifásítì kì í gba ọlidé. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, dókítà wà níbẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú ilé wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú náà wà níbẹ̀, àwọn tí ọmọ wọn ń lọ sílé ìwé, tí wọ́n ń ṣọjọ́ ìbí. Ẹni tó bá ń se oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ nìkan á fọwọ́ lẹ́rán tí oṣù kẹfà bá dé. Ẹni táwọn nọ́ọ̀sì bá mọ̀, á ṣì máa tà.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìlú kékeré ni. L'Ékòó, tí oníbàárà kan bá bínú lọ, ọgọ́rùn-ún míì ń kọjá. Níbẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ já kulẹ̀ lónìí lẹ máa bá pàdé ní báńkì lọ́la.

Ó kan ọ̀rọ̀ òfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí i dáadáa. Tó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, lẹ fi wọlé, iṣẹ́ inú ọgbà ilé ìwé ni wọ́n gbà yín láyè láti ṣe, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ. Iṣẹ́ ìta ń fẹ́ àṣẹ lọ́tọ̀. Ìyàwó tàbí ọkọ tó bá tẹ̀ lé yín pẹ̀lú F-2 ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ rárá. Irun tẹ́ ẹ ń bá èèyàn dì gbowó nínú yàrá, jọ̀lọ́ọ̀fù tẹ́ ẹ ń tà lórí WhatsApp, oúnjẹ tẹ́ ẹ ń fi mọ́tò gbé kiri fún áàpù, iṣẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Ó lè gba físà lọ́wọ́ yín. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì tó ń rí sí akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè nílé ìwé yín kẹ́ ẹ tó dáwọ́ lé ohunkóhun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní ìwé iṣẹ́, òfin ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ní Iowa, láti ọdún 2016, irun dídì ò nílò láísẹ́ńsì onígèrè mọ́. Ẹ sọdá odò Mississippi sí Illinois, ẹ máa gba láísẹ́ńsì irun dídì, ẹ sì máa kọ́ṣẹ́ fún wákàtí 300 kẹ́ ẹ tó rí i gbà.

Ohun tó ká mi lára jù ló kù. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí yunifásítì fúnra rẹ̀ bá ń ṣàìsàn? Ní Macomb, Illinois, níbi tí Western Illinois University wà, ìkànìyàn 2010 rí èèyàn 19,288. Ti 2020 rí 15,051. Kòrónà tó lé akẹ́kọ̀ọ́ sílé lọ́dún náà lè wà lára ohun tó fà á, àmọ́ iye akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dín kù tipẹ́ kó tó dé. Ìlú Lincoln ní ìpínlẹ̀ kan náà tún burú jù. Lincoln College, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1865, ti ilẹ̀kùn pa lóṣù karùn-ún ọdún 2022, lẹ́yìn tí kòrónà àti àwọn jàǹdùkú orí íntánẹ́ẹ̀tì ti bà á jẹ́. Lọ́dún 2024, Lincoln Christian University nílùú yẹn kan náà tún tì pa. Ilé ìwé méjì, láàárín ọdún méjì!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ifẹ̀ lọ́dún 2022, nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, ẹ mọ bí ojú ìyá onírẹ́sì ṣe rí. Ìyẹn tiẹ̀ parí. Ti Lincoln ò ní ọjọ́ ìwọlé mọ́.

Ewu yìí ò sì tíì tán. Ọdún 2007 ni wọ́n bímọ jù ní Amẹ́ríkà, bíi mílíọ̀nù 4.3. Lẹ́yìn ìyẹn, iye ọmọ ń dín kù. Ẹ fi ọdún 18 kún 2007, ẹ máa rí i pé láti ìsinsìnyí lọ, àwọn tó máa wọ yunifásítì ló ń dín kù. Ilé ìwé kékeré ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣí fóònù yín, ẹ wọ College Navigator. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ ilé ìwé náà, ẹ wo iye akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi wéra. Tó bá ń wálẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ má fọwọ́ sí rẹ́ǹtì ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, kí lẹ̀ ń tà lóṣù kẹfà? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa nísàlẹ̀ ibí, ẹ sì fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó dìgbà o.