Píjó 504 Bàbá àti Hilux Ẹ̀gbọ́n

Láti Baṣọ̀run níbí la tún ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp: ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ ta Píjó 504 tí bàbá wọn fi sílẹ̀, kí wọ́n fi owó kún un, kí wọ́n fi ra Hilux tòkunbọ̀. Wọ́n ní ṣebí Hilux ló ń gba Dakar.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ Dakar yẹn.

Ní 1975, Ove Andersson, ará Sweden, fi Píjó 504 gba ipò kìíní nínú Safari Rally ní Kenya. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kaduna. Ọkọ̀ eré ìje yẹn, ara irin tó ń jáde ní fákítírì fún èmi àti ẹ ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n kàn fi nǹkan kún un ni. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tó wà lábẹ́ tapólì nílé yẹn, ìbátan ẹni tó gba Safari ni, kì í ṣe àsọdùn.

Hilux tó gba Dakar ní 2019 ńkọ́? Páìpù irin ni wọ́n jó pọ̀ ṣe férémù rẹ̀, ara rẹ̀ kì í ṣe irin rárá. Ẹ̀wù Hilux ló kàn wọ̀. (Orílẹ̀-èdè Peru ni wọ́n sì ti sá eré náà. Láti 2009 ni Dakar ti kúrò ní Áfíríkà, orúkọ ló kù.) Torí náà, ẹ má fi ife-ẹ̀yẹ ra ọkọ̀.

Èyí tí wọ́n ń tà gan-an, ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Sípíríìn ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, tó lè gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Bí ẹ̀yìn bá ṣófo, kòtò kékeré á máa gbé yín fò. 504 bàbá á rọra mì ni, á kọjá. Bí kò bá ṣíná, ṣẹ́ẹ kábúrétọ̀, wo pulọ́ọ̀gì. Hilux oní-dísẹ́ẹ̀lì ti òde òní ò rí bẹ́ẹ̀: epo ìdọ̀tí lè ba ìnjẹ́tọ̀ rẹ̀ jẹ́, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Àmọ́ mi ò ní tan yín. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, inú Hilux ni mo fẹ́ wà. Ó ní àpò afẹ́fẹ́, ó ní bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há. 504 àtijọ́ ò ní ìkankan.

Bí ẹ̀gbọ́n bá ń kó sìmẹ́ńtì tàbí irè oko, kí wọ́n ra Hilux. Bó bá jẹ́ Ìwó Road àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan, kí wọ́n ṣe 504 náà. Bí wọ́n bá sì máa rà á, kí wọ́n mú mẹkáníìkì tó ní scanner dání, kó wọ abẹ́ ọkọ̀ wo férémù bóyá wọ́n ti jó o rí, kí wọ́n tó san kọ́bọ̀.